Èébú Ayò Nílé Bàbá Mínísítà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ilé ẹni ńlá máa ń dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé kò dé ilé Bàbá Mínísítà ní Ìṣẹ́ rí. Láti ẹnu géètì ni ariwo ti ń pàdé àlejò. Odó Màmá Ìgbàrà, àbúrò Bàbá tó ń tọ́jú ilé, ló máa ń ṣáájú, nítorí Màmá gbà pé iyán tí a kò bá gún kí oòrùn tó kọjá àtàrí, oúnjẹ aláìsàn ni. Rédíò Bàbá á tẹ̀ lé e, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́, kódà bó jẹ́ èdè tí a kò gbọ́ ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, a ó gbọ́ ọmọ ayò tó ń bọ́ sínú ọpọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú èébú tó ń bá a rìn. Mo ti dé ilé àwọn olóṣèlú mìíràn láti ìgbà náà, tí àga wọn rọ̀ ju ti Bàbá lọ, tí ẹ̀rọ amúlétutù wọn sì ń mú èèyàn gbọ̀n. N kò gbádùn ọ̀kan nínú wọn, nítorí kò sí ẹni tó ń bú ẹnìkejì rẹ̀ níbẹ̀.

Ìkẹ́rẹ́ ni àwa ń gbé ní ọdún tí mò ń sọ yìí. Bàbá mi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyá mi jẹ́ tíṣà, èmi sì wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní pírámárì. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró ni. Wọ́n ń fi ọ̀dà pa orúkọ ìpínlẹ̀ àtijọ́ rẹ́ lára pátákó àwọn ọ́fíìsì ìjọba, níbi tí ọ̀dà kò bá sì ti pọ̀ tó, èèyàn á ṣì máa ka ti àtijọ́ lábẹ́ ti tuntun. Inú àwọn àgbà dùn débi pé ẹni tí kò tilẹ̀ mọ ohun tí ìpínlẹ̀ wà fún ń kí ọmọnìkejì rẹ̀ kú oríire. Gbogbo Sátidé ni bàbá mi máa ń fi ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ gbé èmi àti ìyá mi. Àpáta Olósùnta á wà lẹ́yìn wa títí a ó fi jáde ní Ìkẹ́rẹ́, ó di Ìṣẹ́. Ìyá mi kì í ṣe ọmọ bíbí inú Bàbá Mínísítà. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni. Bàbá tirẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, Bàbá Mínísítà sì gbà á tọ́. Ilé yẹn ló ti kọ́ bí a ti ń gún iyán, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fà á fún ọkọ. Nítorí náà, kì í sọ pé òun ń lọ kí Bàbá. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Mò ń re ulé.” Bí a bá sì ti wọ Ìṣẹ́ báyìí, èdè tó ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níléèwé á bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, uṣu ni yóò máa pe iṣu, uṣẹ́ ni yóò máa pe iṣẹ́, títí a ó fi padà sí Ìkẹ́rẹ́.

Mínísítà tí wọ́n ń pè é yìí, ó ti pẹ́. Nígbà tí òmìnira ṣì ń bọ̀ lọ́nà, ó wà lára àwọn tó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Lọ́ńdọ̀n láti bá òyìnbó jókòó. Nígbà tó tún yá, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé kí Èkìtì ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀, wọ́n sì bèèrè títí irun wọn fi funfun. Àwòrán gbogbo rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀. Bọ́ọ̀sì máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá wò wọ́n, Bàbá á sì dúró ti ògiri, á máa pe orúkọ olúkúlùkù láti ọ̀tún sí òsì, ẹni tó ti kú àti ẹni tó ṣì kù, láì tilẹ̀ yíjú sí wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa ya ẹnu. Èmi kì í yanu ní tèmi, nítorí mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti lọ tán, Bàbá á bọ́ agbádá, á ku síńgílẹ́ẹ̀tì, á sì bèèrè bóyá àgbàdo ti jinná. Àwọn ènìyàn ìjọba tuntun náà ń wá láti Adó, wọ́n á ní kí ó jọ̀wọ́ wá jókòó láàárín àwọn àgbà níbi ayẹyẹ kan tàbí òmíràn. “Ẹ bá mi kí wọn,” Bàbá á wí. “Ẹ ní mo ní uṣẹ́ lọ́wọ́.” Ayò ni iṣẹ́ náà.

Òun àti Ọ̀gá ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni láyé àtijọ́. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́, títí kan ìyàwó rẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kejì ló wà nígbà tí Bàbá ń ṣe mínísítà, Màmá Ìgbàrà sì sọ fún mi pé ìgbà kan wà tí wọn kì í kí ara wọn, tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá jókòó lápá ọ̀tún ní ṣọ́ọ̀ṣì, apá òsì ni èkejì ń lọ. Ìgbà yẹn ti kọjá, wọ́n sì ti kó gbogbo ìjà rẹ̀ sínú ọpọ́n. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, Ọ̀gá á ti dé pẹ̀lú àkẹtẹ̀ rẹ̀, á jókòó ní fàráńdà sórí àga tó kọjú sí ti Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ayò mọ̀ pé ilé mẹ́fà ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin nínú ilé kan. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ń jẹ là ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí wọ́n ń jẹ ni ọ̀pẹ, ọ̀pẹ kò sì gbọdọ̀ bínú bó ti wù kí wọ́n bú u tó. Mínísítà ni o, ọba ni o, nídìí ayò, ọ̀pẹ ni ọ̀pẹ ń jẹ́.

“Mo kó márùn-ún ní ulé kẹta,” Ọ̀gá á pariwo, àwọn tó ń kọjá lọ́nà á sì gbọ́ ọ. “Méjì ti wọ ulé rẹ, ọ̀pẹ. Ẹgbẹ́ yín ò mọ ìbò í dì, wọn ò sì mọ ayò í ta.”

“Mo kó méjì ní ulé kẹfà,” Bàbá á dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa rìn lórí ọpọ́n. “Mo jẹ mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Lọ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ kí wọ́n wá gbà ọ́.”

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ayò. Ẹsẹ̀ Ọ̀gá ni mo máa ń jókòó sí, mò ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà tí Màmá Ìgbàrà yan fún àwọn òǹtayò, mo sì ń kó ohun gbogbo tí wọ́n ń ṣe sórí: bí wọ́n ṣe ń pe ilé tí wọ́n ti jáde, bí wọ́n ṣe ń pe iye ọmọ tó wọ ilé onílé, bí èébú ṣe ń gun èyí lẹ́yìn. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta ayò níbi gbogbo láyé.

Ilé náà ní òfin tirẹ̀, Màmá Ìgbàrà ló sì ń ṣọ́ ọ. Ilé ọkọ rẹ̀ ní Ìgbàrà-Odò ló ti padà wálé lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ìyàwó Bàbá náà ti ṣaláìsí nígbà náà, ó sì gba ilé náà sọ́wọ́ bí ẹni tó gba ìjọba. Àwa ọmọdé tó bá wá la ń yí kòkó tí wọ́n sá sórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé. Òórùn kíkan rẹ̀ á sì bá wa wọnú oúnjẹ. Àwa la ń fi epo pa ọpọ́n ayò lára kí igi rẹ̀ má baà là. Èmi ni mò ń ka ìwé ìròyìn fún Bàbá, láti ẹ̀yìn dé iwájú, nítorí ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá tíṣà mi ń kọ́ mi ní gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, á tún un pè fún mi. Ṣùgbọ́n òfin tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti àga. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sún àga kankan kúrò ní àyè rẹ̀ nínú ilé yẹn. Bí o bá fẹ́ gbálẹ̀, gbé àga, gbá abẹ́ rẹ̀, dá a padà síbi tó wà gẹ́lẹ́. “Ọ̀nà Bàbá rèé,” Màmá Ìgbàrà á wí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, pé bí ọba ṣe ní ọ̀nà tirẹ̀ náà ni mínísítà ní.

Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé Bàbá ń bẹ̀rù, ìyẹn ni Èkó. Àkọ́bí rẹ̀, Àǹtí Dúpẹ́, ń ṣe lọ́yà níbẹ̀. Obìnrin gíga kan ni, ó máa ń rìn bí ẹni tí adájọ́ ń dúró dè. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ gan-an, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ó ti sọ ọ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ pé ara Bàbá kò le mọ́, òun ń bọ̀ wá gbé e nìyẹn. Yàrá ti wà nílẹ̀ fún un ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń gbé. Bí wọ́n bá dárúkọ yàrá yẹn níwájú Bàbá, á ní, “Ulé làbọ̀ sinmi oko. Kí ni mo fẹ́ máa wá lórí òkè?” Á sì gbé ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn.

Ọjọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́, lákòókò eré níléèwé, àwọn ọmọ kíláàsì wa gbẹ́ ihò ayò sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Mo ti ń ṣe fọ́ńté pé ẹni tó kọ́ mi láyò kò sí irú rẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó kí àwọn rí i. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kọ́lá ló jókòó sí iwájú mi. Mo kó mẹ́rin ní ilé kẹrin, mo sì pariwo bí Ọ̀gá ti í pariwo: “Mo kó mẹ́rin ní ilé kẹrin, méjì ti wọ ilé rẹ, ọ̀pẹ.” Kọ́lá wò mí. Òun ta tirẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo tún ta, mo tún pè é. Àwọn tó dúró ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Kí lo ń sọ ọ́ fún mi sí?” Kọ́lá bi mí. “Ṣé afọ́jú ni mí ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ ta ilé ara rẹ̀, pé ńṣe ni ọ̀ta ń dákẹ́ kí ọ̀pẹ máa wá a kiri. Ó yẹ kí ojú tì mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìbéèrè Kọ́lá ló wà létí mi. Mo jókòó síbẹ̀, ọmọ ayò lọ́wọ́ mi, àga tí kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan sì ń bọ̀ wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí Bàbá kì í kà fúnra rẹ̀, àti ọwọ́ Bàbá tó máa ń wọn orí mi ní gbogbo Sátidé kó tó sọ pé mo ti ga sí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi ń bẹ iṣu ní kíṣìnnì. Mo ní, “Mọ́mì, ṣé Bàbá ń ríran?” Ọ̀bẹ dúró lára iṣu.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ayò ni.”

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ, Wùmí,” ó wí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi, bí ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá Ìgbàrà. Bàbá àti Ọ̀gá ti lọ sí ọsibítù ńlá kan ní Ìbàdàn, dókítà sì ti sọ pé ohun tó lọ lójú náà ti lọ, kò lè padà. Àwọn méjèèjì wọ takisí bọ̀ wálé láì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n wọ Ìṣẹ́ ni Ọ̀gá ní, “Láti ọ̀la lọ, mi ò ní dákẹ́ nídìí ayò mọ́.” Ní ọjọ́ kejì, wọ́n jókòó sídìí ọpọ́n, èébú sì bẹ̀rẹ̀. “Bí Àǹtí Dúpẹ́ bá mọ̀,” ìyá mi wí, “Èkó ni. Tí wọ́n bá sì gbé Bàbá kúrò nínú ilé tó mọ̀, ilé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ gbogbo ògiri rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ò ní gùn níbẹ̀. Ṣé o gbọ́?” Mo ní mo gbọ́.

Ẹ ó rò pé inú mi bàjẹ́. Rárá o. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sí ẹsẹ̀ Ọ̀gá bí ìṣe mi, mo sì gbọ́ èébú náà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí etí rẹ̀. Mo rí i pé ọmọ ayò tó wà nílé tirẹ̀ ni Bàbá ń fi ìka kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í wọ ilé onílé nídìí ayò àfi bó bá fẹ́ ta tàbí tó bá fẹ́ jẹ. Nítorí náà ilé Ọ̀gá, orí ni Bàbá fi ń mọ̀ ọ́n, ẹnu Ọ̀gá sì ni ojú rẹ̀. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ìfẹ́, àwọn kan tilẹ̀ ti sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. N kò tíì gbọ́ èyí tó dùn tó “ọ̀pẹ” tí ọkùnrin arúgbó kan ń pariwo rẹ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè mọ ibi tí ọmọ ayò wà. Inú mi dùn pé mo wà lára àwọn tó mọ̀. Mo ka ìwé ìròyìn lọ́jọ́ náà bí oníròyìn gidi.

Àǹtí Dúpẹ́ dé fún ọdún Àjíǹde. Ẹnì kan nínú àwọn tó wá kí Bàbá ti dé Èkó, ó sì ti sọ fún Àǹtí pé òun na ọwọ́ sí Bàbá títí, Bàbá kò bọ òun lọ́wọ́. Ó gbé àpótí tuntun kan wá, búlúù, onítáyà, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Gbogbo wa rí àpótí yẹn, a sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó sínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ sí Bàbá, Dádì ló ń pè é, ó ń bi í ní ìbéèrè kan lẹ́yìn òmíràn, Bàbá sì ń dáhùn bí ẹni tó wà níwájú adájọ́ tó sì mọ òfin. Ní àárọ̀ Sátidé, ó ní pálọ̀ kò ní atẹ́gùn, ló bá gbé àga kan lọ sẹ́bàá fèrèsé. Bàbá jáde láti yàrá, ó ń bọ̀ ní ọ̀nà rẹ̀, egungun ojúgun rẹ̀ sì gbá àga náà. Màmá Ìgbàrà sáré dé láti kíṣìnnì. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú,” ó wí. “Èmi ni mo gbàgbé àga yìí síbẹ̀.” Kò mọ̀ pé Àǹtí Dúpẹ́ fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀. Àǹtí wo Màmá, ó wo àga. Lọ́yà ni, kì í tètè sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá kò sí nílé. Ó ti lọ síbi ìsìnkú tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Ẹmùré. Àǹtí Dúpẹ́ jáde sí fàráńdà, ó jókòó sórí àga Ọ̀gá, ó sì fa ọpọ́n mọ́ra.

“Jẹ́ kí a dúró de Ọ̀gá,” Bàbá wí.

“Ṣé ẹ ti ń sá ni, Dádì?”

Kò sí ọkùnrin ní Ìṣẹ́ tó lè gbọ́ ìyẹn nídìí ayò kó má ta. Bàbá na ọwọ́ sí ilé tirẹ̀, ó fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ló kọ́ Àǹtí láyò nígbà èwe rẹ̀, bí wọ́n sì ti í kọ́ ọmọ dáadáa ló kọ́ ọ: kó máa dákẹ́. Àǹtí ta, ọmọ ayò bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá tẹ́tí sí i. Ó gbọ́ iye ọmọ tó bọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè ọpọ́n, kò lọ, kò bọ̀. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ìlẹ̀kùn mú. Mo rí àpótí búlúù náà lẹ́yìn rẹ̀ nínú pálọ̀. Bí ọwọ́ yẹn bá tún pẹ́ díẹ̀ níbi tó wà, Bàbá ti di ará Èkó.

Ni mo bá la ẹnu. “Àǹtí kó mẹ́rin ní ulé kẹta,” mo pariwo bí Ọ̀gá, “ẹyọ kan ti wọ ulé yín, Bàbá. Wọ́n fẹ́ jẹ yín bí ẹní jẹ ẹ̀pà.”

Ọwọ́ Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Ó ta. Òǹwòran ayò láyè láti sọ ohun tó bá wù ú, nítorí náà Àǹtí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ẹnu mi ti gùn jù. Ó tún ta, mo tún pè é, mo fi èébú lé e. Ó ta ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ti la ẹnu, ó sì gbé ọwọ́ sókè sí mi láì wò mí. Mo dákẹ́. Gbogbo fàráńdà dákẹ́, ó ku rédíò nìkan nínú pálọ̀. Ó kó ọmọ inú ilé kan, ó tò wọ́n sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì ń wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ tún dúró lókè ọpọ́n bí ti àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó lè gbà á sílẹ̀ nínú wa. Mo rí omi tó dúró lójú Àǹtí, tó kọ̀ tí kò bọ́.

“Mo kó márùn-ún ní ulé karùn-ún,” Àǹtí Dúpẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ti tán nínú rẹ̀, èdè Ìṣẹ́ ló ń sọ. “Mẹ́rin ti wọ ulé yín, ọ̀pẹ.”

Bàbá mí kanlẹ̀. “Ó pẹ́ tó o ti bá mi sọ èdè wa,” ó wí. Ó wá ọmọ ayò rẹ̀, ó ta, ó sì pe ilé tó ti jáde fún òun náà, bí ìwà ọmọlúàbí ti rí.

“Láti ìgbà wo, Bàbá?”

“Ó ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ tipẹ́. Ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ló lọ tán. Mo bèèrè ìpínlẹ̀ yìí títí, Dúpẹ́. Nígbà tó dé, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ lórí rédíò.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

“Nítorí àpótí tó o gbé wá ni.”

Ẹnu ya Àǹtí, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún Bàbá pé àpótí kan wà. Ìró táyà rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ló gbọ́ nígbà tí wọ́n ń fà á wọlé, ó sì mọ̀ pé àpótí tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ní nǹkan nínú. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàrá tó ti ṣetán. Bàbá jẹ́ kó sọ tirẹ̀ tán.

“Dókítà ti wí tirẹ̀,” ó ní. “Bí mo bá dé Èkó, wọ́n á máa fà mí lọ́wọ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí mo bá wọlé. Gbogbo èèyàn ni yóò máa káàánú mi láti àárọ̀ dalẹ́. Ulé mi rèé. Ọ̀pẹ ni wọ́n ń pè mí nínú ẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi.”

Ibi tó sọ ọ́ dé nìyẹn tí ọ̀kadà fi dúró lẹ́nu géètì. Ọ̀gá ni, pẹ̀lú aṣọ ìsìnkú lọ́rùn, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. “Ọ̀pẹ,” ó ń pariwo bọ̀, “mo jẹun ní Ẹmùré, mo yó, mò ń bọ̀ wá fi ọ́ panu. Ta ló jókòó sórí àga mi?” Ó gun àtẹ̀gùn fàráńdà, ó rí ojú Àǹtí, ó rí ojú gbogbo wa, ó sì ṣí àkẹtẹ̀ lórí. Ọ̀gá tó ti kọ́ àìmọye ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ dúró níbẹ̀, ó ń yí àkẹtẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.

Àǹtí Dúpẹ́ dìde. Ó wo Ọ̀gá fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ẹjọ́ wò. Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ó sì gbọn ìjókòó àga náà nù fún un.

“Ẹ jókòó, sà,” ó wí. “Ulé karùn-ún ni mo ti jáde. Ulé kejì ni Bàbá ta gbẹ̀yìn. Ẹ fojú sí i, wọ́n fẹ́ jẹ yín lẹ́nu ọ̀nà.”

Ọ̀gá jókòó. Ó kó ọmọ ayò, nígbà tó sì máa fi ta ẹ̀ẹ̀kejì, èébú ti padà sẹ́nu rẹ̀. Àǹtí wọ pálọ̀ lọ. Mo gbọ́ ìró àga tó ń padà láti ẹ̀bá fèrèsé sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe Màmá Ìgbàrà, ó ní kó fi bí àwọn àga yòókù ti gbọdọ̀ wà han òun.

Iyán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e kò ní ẹgbẹ́. Àǹtí ló gún un, pẹ̀lú aṣọ Èkó tó wọ̀, Màmá Ìgbàrà sì dúró tì í, ó ń sọ fún un pé kókó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ẹrù wọnú ọkọ̀. Màmá ti kó iṣu kún àpótí búlúù náà, ó fi èlùbọ́ di àwọn àyè tó ṣẹ́ kù, ó sì jókòó lé e kí dẹ́rẹ́bà Àǹtí lè rí síìpù rẹ̀ fà pa. Táyà rẹ̀ kò yí mọ́ nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde, ẹni méjì ló gbé e. Bàbá dúró ní fàráńdà, ó ń tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ ẹrù, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú.

Ọkọ̀ ti dé ẹnu géètì kí Àǹtí Dúpẹ́ tó yọ orí jáde lójú fèrèsé. “Mo kúrò ní ulé o, ọ̀pẹ,” ó pariwo. “Ẹ̀bá géètì ni mo wà, ọ̀tún ni mò ń yà sí.”

Bàbá kọjú sí ibi tó wà gẹ́lẹ́, ó sì juwọ́ sí i.